Ooru Mú, Ewé Rọ: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Tó ń Dáko Ẹ̀yìnkùlé ní Ìlú Ọba

Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ o. Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn ọjọ́ gbígbóná wọ̀nyí, omi ló kún ẹnu ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ omi nìkan kọ́. Ẹnìkan ń ṣọ̀fọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, ìyá ẹnìkan wá bá a wo ọmọ tuntun, kò sì fẹ́ jókòó sílé. Láti ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, tí ooru gun ìwọ̀n 40.3 ní Coningsby ní Lincolnshire, tí kò sì tíì sí èyí tó gajù ú nínú àkọsílẹ̀ Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ àṣà tí a fi ń bójú tó ọgbà níbí ni kò bá ojú ọjọ́ mu mọ́. A ti dáhùn wọn bí wọ́n ṣe wá. Èyí tó gba àlàyé gígùn, a ò ké e kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bomi rin ọgbà mi ní allotment, ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń yá èèyàn fi dáko, mi ò fo ọjọ́ kan. Síbẹ̀, tó bá ti di ọ̀sán, gbogbo ewé á rọ. Ilẹ̀ ti sán débi pé ọwọ́ mi ń wọnú rẹ̀. Wọ́n tún ti ní ká má fi rọ́bà bomi rin ọgbà mọ́. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú làálàá, Ìyá Ìbejì. Omi yín ni kò dé ibi tí gbòǹgbò wà. Ẹ mú ọkọ́ kékeré, kí ẹ wa ilẹ̀ náà wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ bomi rin ín, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ ó rí i pé òkè tutù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ táútáú. Díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́ ló fà á. Omi tí kò pọ̀ kì í wọlẹ̀ jìn, oòrùn á ti fà á gbẹ kí ọjọ́ tó kanrí. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé gbòǹgbò máa ń lọ síbi tí omi bá wà. Bó bá ti jẹ́ òkè lẹ ń fún un lómi sí, òkè náà ló máa dúró sí, ibẹ̀ sì ni ooru ti ń mú un.

Ìṣirò rẹ̀ ò le rárá. Lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, òjò mìlímítà kan ni. Agolo ìbomirin tó wọ́pọ̀ ń gba lítà 10, òjò mìlímítà 10 nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tí ooru bá mú gan-an, ilẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ fẹ́ nǹkan bí agolo méjì. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì: agolo kan lónìí, agolo kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ó rí i pé omi tí ẹ ń lò báyìí lè má pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ ṣe ń lò ó ló yàtọ̀.

Amọ̀ ló pọ̀ jù ní ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, amọ̀ tó bá sì ti sán, omi á kàn gba ojú sísán náà ṣàn lọ sísàlẹ̀, kò ní kan gbòǹgbò. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ́ fọ́ òkè ilẹ̀ wẹ́wẹ́ kí ojú sísán yẹn dí. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yí ìdí ewéko kọ̀ọ̀kan ká bí àwo pẹrẹsẹ. Ẹ kọ́kọ́ da ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà síbẹ̀, kí ẹ lọ sí ìdí òmíràn, kí ẹ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti da ìyókù. Omi àkọ́kọ́ yẹn ló ń la ọ̀nà fún èyí tó kù. Ẹ bomi rin ín ní kùtùkùtù tí ẹ bá lè ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó tutù lálẹ́ ni àwọn ìgbín tí kò níkarahun ń fẹ́.

Gẹ́rẹ́ tí ẹ bá ti bomi rin ín tán, ẹ bo ilẹ̀. Ewé jíjẹrà, pòròpórò, koríko tí ẹ gé tí ẹ sì kọ́kọ́ sá, èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kó má sì fara kan ìdí igi ewéko kó má bàa rà. Koríko tútù tí ẹ bá kó jọ nípọn á gbóná, á sì máa rùn, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ká má bò o: ẹni tó bo ilẹ̀ gbígbẹ ti dènà òjò díẹ̀ tó bá fẹ́ wọlẹ̀.

Ti ewé tó ń rọ lọ́sàn-án, ẹ má tètè da omi sí i. Courgette, ìbátan elégédé, àti elégédé fúnra rẹ̀ máa ń sọ ewé wọn sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí omi ara wọn má bàa tán, kódà bí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ wò wọ́n ní aago mẹ́jọ alẹ́ tàbí láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti nà padà, kò sí òǹgbẹ. Bí ewé bá ṣì rọ láàárọ̀, ẹ sáré gbé omi.

Òfin tó ká rọ́bà kò ká agolo. Ẹ lè gbé agolo bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ìdí rọ́bà lè san owó ìtanràn tó lè tó £1,000. Omi tí ẹ fi fọ ewébẹ̀ tàbí tí ẹ fi wẹ̀ wúlò, bí kò bá sí bleach nínú rẹ̀. Ìdí igi ni kí ẹ dà á sí, ẹ má dà á sórí ewé tí ẹ máa jẹ ní tútù, ẹ má sì jẹ́ kó sun mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo ìdí èso tòmátò mi ló ń dúdú, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi iná jó o. Mo ti fún un ní oúnjẹ tòmátò ìlọ́po méjì, kò gbọ́. Mo ti ra òògùn olómi onícalcium náà. Ṣé àrùn ni, ṣé kí n fà wọ́n tu? — Onílé Kékeré, Thamesmead

Ẹ má fà wọ́n tu. Àrùn tó ń ràn kọ́. Èso náà ni kò rí calcium tó nígbà tó ń dàgbà, kì í sì í ṣe pé calcium ò sí nílẹ̀. Omi ló ń gbé e láti gbòǹgbò lọ sínú èso. Ewé ló sì ń fa omi jù lọ nínú ooru, tí omi bá wá ségesège, gbẹ lónìí, kún lọ́la, èso ló máa ń pàdánù, ìdí rẹ̀ tó jìnnà jù sí igi ló sì máa ń kọ́kọ́ kú. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ jù nínú tòmátò tí wọ́n gbìn sínú àpò àti ike, pàápàá èyí tó gùn bí ẹyin.

Oúnjẹ ìlọ́po méjì yẹn tún dá kún un ni. Iyọ̀ inú rẹ̀ tó bá pọ̀ nínú ilẹ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà dáadáa. Ẹ da omi lásán sí àpò náà títí yóò fi máa jáde nísàlẹ̀, kí ẹ padà sí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Omi ni kí ẹ máa fún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ bí ooru bá kọjá ìwọ̀n 28, láàárọ̀ àti ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Igi mẹ́ta nínú àpò kan pọ̀ jù. Méjì ti tó. Èso tó ti dúdú tí kò tíì tóbi, ẹ já a dànù kí igi má fi agbára ṣòfò lé e lórí. Èyí tó ti pọ́n, ẹ gé ìdí dúdú náà kúrò, ìyókù ṣeé sè. Òògùn olómi tí ẹ rà, ẹ má rà á mọ́: èyí tí ẹ bá fọ́n sójú ewé kì í dé inú èso.

Ìyá mi wá láti Abẹ́òkúta láti bá mi wo ọmọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n ní oòrùn ibí kì í ṣe oòrùn, aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń túlẹ̀. Wọ́n tún gbin ewédú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò hù. Ẹ bá mi dá sí i. — Ọmọ Ẹ̀gbá, Dagenham

Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ọlọ́run á wo ọmọ náà. Ẹ bá wa kí Màmá.

Ká ti orí oòrùn bẹ̀rẹ̀. Màmá mọ oòrùn, a ò jiyàn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ojúmọ́ oṣù kẹfà ní Lọ́ńdọ̀nù ń tó wákàtí mẹ́rìndínlógún àti àbọ̀, oòrùn ń yọ kí aago márùn-ún tó lù, kì í sì í wọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án kọjá lálẹ́. Ní Abẹ́òkúta, ojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá wákàtí méjìlá àti àbọ̀. Ilé ibí náà, wọ́n kọ́ ọ láti mú ooru dúró nítorí òtútù, nítorí náà ara tó gbóná lọ́sàn-án kò ní rí ibi tutù lálẹ́. Bí Màmá bá ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú èèyàn tọ̀, omi ara wọn lè tètè dínkù. Ẹ bi apòògùn wọn léèrè, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án ni kí wọ́n túlẹ̀, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Láàárín aago 11 sí aago mẹ́ta ọ̀sán, kí wọ́n wà lábẹ́ ìbòòji. Kí omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n máa mu ún kí òǹgbẹ tó gbẹ wọ́n. Bí orí bá ń fọ́ wọn, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì sì ń gbé wọn, ẹ gbé wọn wọ ìbòòji, ẹ tú aṣọ tó fún, ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn àti abíyá wọn, ẹ fún wọn lómi. Bí wọn ò bá bọ̀ sípò láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá ń dàrú, 999 ni kí ẹ pè.

Ó wá ku ewédú. Èèpo èso rẹ̀ le, omi kì í wọ̀ ọ́, ó sì lè wà nílẹ̀ pẹ́ láìhù. Màmá á mọ èyí: ẹ da èso náà, ṣíbí ìmutíì kan ti pọ̀ tó, sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹ so ẹnu rẹ̀. Ẹ se omi kó hó, ẹ gbé e kúrò lórí iná, ẹ ri aṣọ náà bọ̀ ọ́, kí ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, kí ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ti sè é nìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí kó gbẹ díẹ̀, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó má bàa ṣùjọ lójú kan, ẹ fọ́n ọn, ẹ bù ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bò ó, kó má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ohun kejì tí kò jẹ́ kó hù ni òtútù ilẹ̀. Nínú ilẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ ò tó 20, kò ní hù dáadáa, 25 ló fẹ́ràn. Afẹ́fẹ́ lè gbóná kí ilẹ̀ ṣì tutù, pàápàá ní oṣù karùn-ún. Ẹ gbìn ín sínú àwo lójú fèrèsé tàbí nínú ilé gíláàsì, ẹ ó rí i láàárín ọjọ́ márùn-ún. Tó bá ní ewé mẹ́rin, ẹ gbé e bọ́ sí ilẹ̀ tó gbóná tí atẹ́gùn ò sì fẹ́ sí. Ọjọ́ gígùn ibí wúlò fún ewédú: kì í jẹ́ kó tètè tanná, nítorí náà ewé lẹ ó máa rí já títí òtútù oṣù kẹsàn-án fi máa dé. Tí igi rẹ̀ bá ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ já orí rẹ̀, á yọ ẹ̀ka.

Tẹ̀tẹ̀ ò ní wàhálà yẹn. Ooru ló ń jẹ. Ẹ fọ́n ọn láti ìparí oṣù karùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ ó ti máa já a. Bó bá tanná kó tó tó já, ebi tàbí òǹgbẹ ló ń pa á, tàbí kí ike tó wà nínú rẹ̀ ti kéré jù. Ṣọkọ náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kéré gan-an, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀, ẹ kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ṣé mo lè gbé irúgbìn ẹ̀fọ́ bọ̀ láti ilé nínú báàgì mi? — Arìnrìn-àjò, Luton

Rárá, àyàfi tí ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ìlera ohun ọ̀gbìn láti ọ̀dọ̀ ìjọba Nàìjíríà bá tẹ̀ lé e. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú, ohun tí wọ́n sì ń bẹ̀rù níbẹ̀ jẹ́ òótọ́: àrùn tòmátò àti ata máa ń bá èso rìn. Ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irúgbìn níbí. Tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ ti wà lọ́jà wọn. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa tọ́jú èso ti ara yín láti ọdún dé ọdún.

Màmá mi kú ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo máa lò nílé fún ìsìnkú, ìparí oṣù keje sí àárín oṣù kẹjọ. Mo mọ̀ pé ọgbà kì í ṣe ohun tó yẹ kí n máa rò, àmọ́ Màmá ló fún mi ní ọkọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ro ilẹ̀ náà, mi ò fẹ́ kó kú. — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere, á sì mú yín lọ, á mú yín bọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ rò ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò yẹ.

Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ló wà níwájú yín kí ẹ tó lọ, ẹ sì lè bẹ ẹnìkan kó bá yín ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ tu koríko, nítorí òun náà ń mu omi, ó sì lè gbó kó dà èso sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ká gbogbo ohun tó bá ṣeé ká, kódà kó kéré. Courgette kan tí ẹ bá gbàgbé á wú di ńlá, igi náà á sì ṣíwọ́ síso. Ẹ̀wà runner bean náà bẹ́ẹ̀: tí èso inú rẹ̀ bá ti gbó, kò ní tanná mọ́. Ẹ gé tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sílẹ̀ ku sẹ̀ǹtímítà 15. Igi tí ewé rẹ̀ kéré kì í mu omi púpọ̀, á sì ti rúwé padà kí ẹ tó dé.

Ní ọjọ́ tí ẹ máa lọ ku ọ̀la, ẹ da agolo méjì sí mẹ́ta sí mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bo ilẹ̀ bí a ti sọ fún Ìyá Ìbejì. Ẹ kó gbogbo ike jọ síbi ìbòòji, kí wọ́n fara kan ara wọn, kí ẹ fi abọ́ omi sábẹ́ wọn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ike lítà méjì tí wọ́n ń dorí rẹ̀ kodò sínú ilẹ̀: ọjọ́ mélòó kan ni, ó ti tán. Ẹ já gbogbo ewé ìsàlẹ̀ tòmátò tó ń kan ilẹ̀, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, torí pé oṣù kẹjọ ni blight, àrùn tó ń ba ewé àti èso tòmátò jẹ́, máa ń jà. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra tí ìwọ̀n ooru ò lọ sílẹ̀ ju 10 lọ, tí ọ̀rinrin sì gòkè tó ìdá 90 nínú 100 fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ti tó fún un láti bẹ̀rẹ̀. Manchester kì í ṣaláìní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wá aládùúgbò kan ní allotment yín. Ẹ má kàn ní kó bá yín bomi rin ín. Ẹ sọ fún un pé ohunkóhun tó bá pọ́n, kó ká a, tirẹ̀ ni. Ẹni tó ń ká a á máa wá, ọgbà tí wọ́n sì ń ká kì í ṣíwọ́ síso. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí fún un: ibi tí omi wà, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, agolo mélòó fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún kọ ìlà méjì sí akọ̀wé allotment náà pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín àti ọjọ́ tí ẹ máa dé, kí wọ́n má bàa kọ ìwé ìkìlọ̀ sí yín lẹ́yìn.

Ata rodo mi ń tanná dáadáa nínú ilé gíláàsì, àmọ́ òdòdó ń rẹ̀ dànù, kò so ẹyọ kan. — Ìyá Alásè, Croydon

Ooru ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé gíláàsì tó ti ilẹ̀kùn lè kọjá ìwọ̀n 40 ní ọjọ́ tí ìta wà ní 28. Tó bá ti kọjá nǹkan bíi 33, ìyẹ̀fun òdòdó ata á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí òru bá sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ 15, kò ní so náà. Ẹ so ẹ̀rọ tí ń wọn ooru síbẹ̀ ní gíga òdòdó, kì í ṣe sára gíláàsì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé òrùlé kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí apá ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé. Ẹ da omi sílẹ̀ ilé náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án kó fi tutù.

Kòkòrò oyin kì í sábà wọlé gíláàsì, nítorí náà ẹ fi ìka ta ẹ̀ka olódòdó náà pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, lójoojúmọ́. Bí ewé bá dúdú, tó tóbi, tó sì ń dán, tí èso ò sí, nitrogen ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ yí i sí oúnjẹ tòmátò, nítorí potassium inú rẹ̀. Ike lítà 10 ló yẹ igi kan.

Ata rodo kì í yára. Èyí tó bá so ní oṣù kẹjọ lè má pọ́n kí òtútù tó dé. Ní ìparí oṣù kẹjọ, ẹ já gbogbo òdòdó tuntun dànù kí agbára lè lọ sínú èso. Tó bá di oṣù kẹwàá, ẹ má da igi náà nù. Ẹ gé e ku sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ gbé e wọlé síbi tí ìwọ̀n ooru kì í bọ́ sílẹ̀ ju 12 lọ, ẹ máa fún un lómi ṣíún. Ọdún tó ń bọ̀, á ti so kí ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn tó jí.

Mo da ìgbẹ́ ẹṣin tuntun sí ilẹ̀ ní oṣù kẹta. Báyìí, tòmátò àti ẹ̀wà mi ti ká kò, ewé wọn tín-ín-rín bí imọ̀ ọ̀pẹ. Àgbàdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń dán. Wọ́n ní àìsí omi ni. — Bàbá Olóko, Leeds

Omi kọ́, Bàbá. Àgbàdo tó ń dán yẹn ló jẹ́rìí fún yín. Ìdílé koríko ni àgbàdo, apakoríko kan sì wà tó ń pa ewé gbọọrọ tí kì í pa koríko. Aminopyralid ni wọ́n ń pè é. Àgbẹ̀ á fọ́n ọn sí pápá, ẹṣin á jẹ koríko náà, òògùn á kọjá nínú rẹ̀ láìyí padà, á bá ìgbẹ́ dé ọgbà yín, ìwọ̀nba kékeré sì ti tó láti ba tòmátò, ẹ̀wà, pòtétò àti letusi jẹ́. Ó máa ń dunni gan-an, nítorí ajílẹ̀ tí èèyàn fi làágùn kó ni.

Ẹ má kó ìgbẹ́ náà síbòmíràn mọ́. Ẹ má kó ewéko tó ti ká kò sórí ààtàn yín, torí òògùn náà wà nínú wọn. Àwọn kòkòrò àìrí inú ilẹ̀ ló ń jẹ òògùn yìí tán, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì nílò. Nítorí náà, ẹ máa fi fọ́ọ̀kì yí ilẹ̀ náà padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí di oṣù kẹwàá. Ọdún tó ń bọ̀, àgbàdo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn síbẹ̀.

Kí ẹ tó gba ìgbẹ́ mìíràn, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n fọ́n òògùn sí koríko, kí ẹ sì dán an wò fúnra yín. Ẹ po ìgbẹ́ tó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀dú tí ẹ rà, dọ́gbadọ́gba, ẹ bù ú sínú ike mẹ́ta. Ẹ bu ilẹ̀dú nìkan sínú ike mẹ́ta mìíràn. Ẹ gbin ẹ̀wà broad bean mẹ́rin mẹ́rin sí wọn, kí àwo abẹ́ wọn má pọ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ wo ewé òkè pátápátá. Bí ti onígbẹ̀ẹ́ bá ká bíi ṣíbí, tí ti èkejì sì tẹ́, ẹ dá a padà fún onígbẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lóṣù kejì, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún orúnkún mi lóṣù kẹrin. Koríko ti bo ilẹ̀ mi, ìwé ìkìlọ̀ ti dé. Ilẹ̀ náà tóbi ní mítà 250 onígun mẹ́rin. Ojú ń tì mí láti débẹ̀. — Aládùúgbò Yín, Birmingham

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ara líle. Kò sí ohun tó kan ìtìjú níbẹ̀. Odidi allotment kan, ilẹ̀ ọ̀pá mẹ́wàá gidi nìyẹn, ẹni tí orúnkún rẹ̀ le pàápàá ń sá fún un. Lónìí, kí ẹ tó fọwọ́ kan koríko, ẹ dá èsì ìwé náà padà. Ẹ sọ iṣẹ́ abẹ náà, ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè gba ìdajì ilẹ̀ náà padà. Ọ̀pọ̀ allotment ló ń fi tayọ̀tayọ̀ gbà á, torí àwọn tó ń dúró de ilẹ̀ pọ̀.

Koríko tó ti yọ èso ni kí ẹ kọ́kọ́ gé orí rẹ̀. Ẹ kó orí náà sínú àpò, ẹ má jẹ́ kó balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi páálí tí kò ní téèpù lára bo gbogbo ilẹ̀, kí etí wọn gun ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ ta tapọ́líìnì dúdú lé e, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni kí ẹ má lò, ọ̀pọ̀ allotment kò gbà á. Koríko tó rọ̀ á ti kú kí ọdún tó parí, ṣùgbọ́n bindweed, koríko tó ń fà lórí òmíràn, lè lo ọdún méjì lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ bò kì í dà bí ilẹ̀ tí wọ́n pa tì lójú ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ fi igun kan sílẹ̀, mítà mẹ́ta ní mẹ́rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi omi. Ibẹ̀ nìkan ni oko yín lọ́dún yìí. Bí dókítà bá ti gbà yín láyè, bẹ́ẹ̀dì tó ga ní 60 sẹ̀ǹtímítà á jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ láìkúnlẹ̀. Ìbú rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 120 lọ kí ọwọ́ lè dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tó bá gùn ní 240, nǹkan bíi mítà kúbíìkì 1.7 ló máa gbà, owó ilẹ̀ sì ń gun èèyàn: ẹ fi igi jíjẹrà àti koríko kún ìdajì ìsàlẹ̀. Ó tètè máa ń gbẹ ju ilẹ̀ lásán lọ, ẹ má gbàgbé ìyẹn nínú ooru.

Ẹ ṣì lè fọ́n tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀ títí di ìparí oṣù keje. Èyí tí ẹ bá fọ́n lẹ́yìn ìyẹn, òtútù lè ká a mọ́. Ní oṣù kẹjọ, àlùbọ́sà eléwé àti coriander ni kí ẹ gbìn, kí ẹ sì dúró títí ooru á fi rọlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó fọ́n spinach, nítorí bí ilẹ̀ bá ṣì gbóná, kò ní hù dáadáa. Ìlà coriander kan tó gùn ní mítà méjì, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni, ẹ sì lè ṣe é lórí àga.